Ọkọ̀ Ọ̀gá Dán Kọjá Dúdú

Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìtọ́jú Dúkìá Ìjọba fẹ́ràn ojú ara rẹ̀, kò sì síbi tó ti máa ń rí i dáadáa tó bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀. Nínú dígí ilé, ìyàwó rẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, èjìká rẹ̀ máa ń fẹ̀, ọrùn rẹ̀ máa ń gùn, ikùn rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ẹni tó bá ti rí ara rẹ̀ báyìí láàárọ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un lọ́sàn-án pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Ọkọ̀ náà gùn, ó dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì láyè débi pé èèyàn lè na gbọọrọ síbẹ̀. Nínú fáìlì, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ọkọ̀ tuntun kan, dúdú, fún ìlò Ọ̀gá Àgbà." Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé kò tuntun, kì í sì í ṣe dúdú, kí ẹ má bàa rò pé àṣírí kan ni mo fi pa mọ́ fún yín. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, funfun ni ọkọ̀ yìí. Ìlà aláwọ̀ ewé kan gba ìbàdí rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì. Òun ló ń gbé àwọn aláboyún tó ń rọbí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà níparí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n fà á wá sí Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Dúkìá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ohun ìjọba ṣe. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá jókòó sínú rẹ̀, láti dán an wò lásán, ó sì rí i pé àga rẹ̀ bá ẹ̀yìn òun mu. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹnì kan tó ń kun ọkọ̀ gbé ọ̀dà dúdú dé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọkọ̀ ilé ìgbẹ̀bí kọjá àtúnṣe, wọ́n ti gbé e jù nù, Ọ̀gá sì ti gba tuntun.

Ẹni tó kun ún ń kánjú. Kò fi pépà oníyanrìn ha ọ̀dà funfun náà kí dúdú lè dì í mú, kò sì fín in ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìpele kan ṣoṣo ló wà lórí ọkọ̀ náà, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bàbá Awakọ̀, ẹni tó ń wa Ọ̀gá kiri, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ló bá a lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì kí ọ̀dà má bàa ta sí i. Ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló dákẹ́. Ọ̀gá ti fi ìwé ránṣẹ́ yíká gbogbo ọ́fíìsì pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọkọ̀ òun ti ní àwọ̀ mìíràn rí, tàbí pé kì í ṣe tuntun, ó ń ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́, wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn odò. Bàbá ońṣẹ́ kan tó bi í ní ẹnu ọ̀nà pé, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti wá gba ọkọ̀ wọn ni?" ti wà lẹ́yìn odò yẹn láti ọdún kejì, ó ń ṣọ́ àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé, nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti gba ìwé tó kọ gbọ́. Tó bá ti wo ọkọ̀ náà, ọkọ̀ tuntun ló ń rí.

Agbẹ̀bí Àgbà ò gbà á gbọ́ ní tirẹ̀. Òun ni olórí ilé ìgbẹ̀bí, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí omi ń hó lórí iná rẹ̀. Oṣooṣù ló ń kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá láti béèrè ọkọ̀. Èsì kan náà ló ń gbà: "Ọ̀rọ̀ yín ń gba àkíyèsí tó yẹ." Ẹ̀yìn alùpùpù ló ń jókòó sí lọ bá àwọn aláboyún nílé, á gbé báàgì lé itan, á fi ọwọ́ kan di fìlà rẹ̀ mú. Ẹ̀yìn alùpùpù náà ni àwọn aláboyún ń jókòó sí wá. Ọ̀kan bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lójú gbogbo ayé. Kò sí ohun tó ṣe ìyá, kò sì sí ohun tó ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà oṣù yẹn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì rẹ̀ ò gùn.

Ní ilé-iṣẹ́, wọn kì í kí Ọ̀gá láàárọ̀ mọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kí. Akọ̀wé ló dá a sílẹ̀. Akọ̀wé yìí tinrín, ó máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kúkúrú kọjá, kì í sì í rìn láìmú kálàmù lọ́wọ́. Ní agogo mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á wo ojú ara wọn nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì wí pé, "Ọ̀gá, mo rí ara mi, mo sì rí i pé mo kéré." Ọ̀gá á mi orí, á ní kí wọ́n máa lọ síbi iṣẹ́. Tó bá ti kẹ́yìn sí wọn, Ọ̀gá Dígí ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó ń jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣeé wò ni Bàbá Awakọ̀. Korobá méjì ló ń lò. Ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì. Bó bá ti fi kànrìnkàn fọ ibì kan, á kọ́kọ́ ṣan án nínú omi lásán kó tó tì í bọ ọṣẹ padà, kí iyanrìn má bàa padà sára ọkọ̀ lọ ha á. Abẹ́ òjìji ló ti ń fọ̀ ọ́. Ó ní aṣọ rírọ̀ kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, òun ló fi ń gba omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi ìka méjì mú ìda ọkọ̀ díẹ̀, á fi pa á lára ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, á dúró títí yóò fi ṣe bí èéfín lójú ọ̀dà, á sì nù ún kúrò. Kò tẹ ọwọ́ mọ́ ọn rí. Lórí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí irin ti yọ gọngọ, ńṣe ló máa ń di èémí mú. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé, orúnkún ìyàwó rẹ̀ ò sì gba kó lọ máa gbé lẹ́yìn odò, níbi tí àtẹ̀gùn ti ga.

Gbogbo nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí lẹ́tà kan fi dé láti òkè. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ní agogo mọ́kànlá, láti wo bí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ṣe ń tọ́jú dúkìá ìjọba. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù lọ ni wọn yóò fi ṣe Olórí Gbogbo Àwọn Ọ̀gá. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orùlé ilé-ìwé tó ń jò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, afárá tó ti ya wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò ronú kan èyíkéyìí nínú wọn. Ó gbójú sókè, ó wo Akọ̀wé, ó ní, "Ọkọ̀ mi."

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó gorí àga, Akọ̀wé sì di àga mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "àwọn kan rò pé dídán jẹ́ ohun tí à ń fi ojú rí. Wọ́n ṣìnà. Dídán ló ń fi ojú rí wa. Orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ bá ṣú, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, níwájú ilé mi, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjì tí ẹ ń wò yìí, máa mú ọkọ̀ ìjọba dán lójú ìgbìmọ̀. Ẹ ó wá. Ẹ ó dúró. Ẹ ó sì kún fún ìyanu láti agogo mẹ́sàn-án."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyanu máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá ò fọ ọkọ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Akọ̀wé bá a wá ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi àwòrán ṣàlàyé, àkọlé rẹ̀ ni Bí A Ṣe Ń Mú Ọ̀dà Ọkọ̀ Dán Nílé: Fún Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wo ìdajì àkọlé náà tó kẹ́yìn, ó dá ìwé padà. Ó ní òun ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun rí láyé òun. Akọ̀wé lọ, ó gé pépà funfun kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń dun Ọ̀gá, ó kọ ọ́ sí i pé: Fún Àwọn Tó Ti Débẹ̀. Ọ̀gá wá gba ìwé.

Ojú ìwé kìíní ní kí wọ́n fọ ọkọ̀ dáadáa kí erùpẹ̀ tán lára rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, Ọ̀gá ṣí i kọjá. Ojú ìwé kejì ní abẹ́ òjìji ni kí wọ́n ti ṣe é, nígbà tí ara ọkọ̀ tutù. Ta ló máa rí ọ̀gá lábẹ́ òjìji? Ó ṣí i kọjá. Ojú ìwé kẹta ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré tó fara pa mọ́. Ó ní ọ̀gá kì í ṣe nǹkan níbi tó fara pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ibi tó fara pa mọ́ náà ló ti gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ojú ìwé kẹsàn-án ló tó dúró, nítorí ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nínú àwòrán, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ kan tó ń yí bírí, tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ dán, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Èmi nìyí."

Irú ẹ̀rọ náà àti agolo mẹ́ta ni wọ́n rà: ìda, pólíṣì kíkúnná, àti pólíṣì oníyanrìn tó wà fún kìkì ibi tí ọkọ̀ bá ti ha jinlẹ̀. Ọ̀gá mú ti oníyanrìn. Agolo rẹ̀ ló tóbi jù.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Awakọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ́ títí, ó ń fi aṣọ rírọ̀ rẹ̀ nu ìka rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n fi ọwọ́ nù ún fún yín lọ́la, sà. Á dán. Ẹ má lo ẹ̀rọ."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀dà rẹ̀ ò fẹ́ ẹ̀rọ, sà."

"Ọ̀dà ọkọ̀ tuntun ni ò fẹ́ ẹ̀rọ?"

Akọ̀wé, tó jókòó sí igun, gbé kálàmù rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé tábìlì. Bàbá Awakọ̀ fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kì í fi "ẹ" bá ẹnikẹ́ni tó kéré ní ipò sọ̀rọ̀. "Mo ń bi ọ́. Ṣé ọkọ̀ yẹn ò tuntun ni?"

Bàbá Awakọ̀ wo kálàmù náà. Ó ronú kan àtẹ̀gùn ẹ̀yìn odò.

"Ó tuntun, sà."

"Tó bá tuntun, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Kò sí, sà."

Báyìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó lè gba Ọ̀gá sílẹ̀ ṣe tẹ̀ lé àṣẹ Ọ̀gá, tó sì jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn tètè yọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ sí gbangba níwájú ilé Ọ̀gá, erùpẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe bá a dé. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án, irin rẹ̀ ti gbóná tó láti yáná sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tò yíká, ìyanu sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jáde pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí wọ́n ká apá rẹ̀ sókè ní ìlọ́po méjì géérégé. Ìyàwó rẹ̀ gbára lé fèrèsé, ó ń mu tíì.

Ọ̀gá bu pólíṣì oníyanrìn lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń bu bọ́tà lé búrẹ́dì. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà pariwo, ó fa ọwọ́ Ọ̀gá lọ sápá ọ̀tún, ó fà á padà sósì, àwọn òṣìṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́ nítorí wọ́n rò pé ijó ni. Erùpẹ̀ àti pólíṣì pò pọ̀. Ibi tí Ọ̀gá ti ń rí ojú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún fún òbírípo kéékèèké bí ẹni pé ológbò jà níbẹ̀.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, sà," Akọ̀wé wí.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Ó dé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí Bàbá Awakọ̀ ti máa ń di èémí mú. Bàbá Awakọ̀ wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ kúrò, ohun funfun kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ẹ gbé ara yín sí ipò Akọ̀wé. Tó bá ní ọ̀dà ti bó, ẹ̀yìn odò. Tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, Ọ̀gá ń wò ó lójú. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo funfun náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lósì, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ó ti dán kọjá dúdú."

"Ó ti dán kọjá dúdú," àwọn òṣìṣẹ́ gbà á.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ojú rẹ̀ tàn. "Ìmọ́lẹ̀ ni."

"Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni, sà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyàwó Ọ̀gá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Bàbá ilé, ọkọ̀ yín ń bó."

Ọ̀gá ní kó jọ̀wọ́, kì í ṣe ohun tó yé obìnrin.

"Ìkòkò yé mi," ìyàwó rẹ̀ ní. "Tí mo bá fọ ìkòkò títí ìdí rẹ̀ fi lu, mi ò ní máa pariwo pé mo rí ìmọ́lẹ̀." Ó mu tíì rẹ̀.

Ohun tó ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu ni pé ìmọ́lẹ̀ náà wà lápá kan, kò sí lápá kejì, ìgbìmọ̀ sì lè rò pé òun kì í ṣe ẹni tó ń pín nǹkan dọ́gba. Ó fi ẹ̀rọ sí etí kejì. Ìmọ́lẹ̀ yọ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ló bá padà sí ti àkọ́kọ́. Báyìí ló ṣe ń mú wọn dọ́gba títí ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì fi funfun báláú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́ sí funfun kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yọ. Ọ̀kan tiẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú, ó ní ó ti mọ́lẹ̀ jù fún òun. Wọ́n gbé e ga nípò kan lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìlà ewé jáde.

Akọ̀wé tètè wá àlàyé sí i, ó ní ọ̀ṣọ́ ni, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ olówó iyebíye máa ń fi í pa mọ́ sábẹ́ ọ̀dà fún ẹni tó bá lágbára láti wá a kàn. Ọ̀gá ní òun ti ń fura sí i tipẹ́. Ó sún ẹ̀rọ sókè díẹ̀.

Ohun pupa kan yọ. Ó kọ́kọ́ rí bí ẹsẹ̀ lẹ́tà kan, ó wá di lẹ́tà odindi, òmíràn tẹ̀ lé e. Akọ̀wé la ẹnu, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lórí ẹ̀rọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gba ìwé ara rẹ̀ gbọ́, ó rántí ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ kò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ fún yín pé ó jọ ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wo Bàbá Awakọ̀, ó sì yí ojú kúrò. Agogo mẹ́wàá àbọ̀ ti lù.

"Ẹ bò ó," ó ní. "Ẹ fi dúdú bò ó."

Dúdú dà? Ọ̀dà ò sí nílé. Akọ̀wé ló rántí pólíṣì bàtà. Wọ́n sáré kó gbogbo èyí tó wà nínú ilé jáde, àwọn tó ń gbé nítòsí sáré lọ mú tiwọn wá. Ogún òṣìṣẹ́ ìjọba rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì bàtà pa á lára, bẹ́ẹ̀ irin náà gbóná bí àwo orí iná. Pólíṣì bàtà ò lè gbẹ níbẹ̀. Ó yọ́, ó ń ṣàn gba orí ìlà ewé sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà. Dúdú wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó wà ní imú Akọ̀wé, ó wà lórí ẹ̀wù funfun Ọ̀gá. Ibi kan ṣoṣo tí kò dúró sí ni ilẹ̀kùn.

Ìgbìmọ̀ ò pẹ́, wọn ò sì yá. Agogo mọ́kànlá géérégé ni ọkọ̀ kékeré kan dúró. Màmá Alága, olórí ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, arúgbó obìnrin kékeré kan tó wọ awò ojú. Ẹni tó tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ ni Agbẹ̀bí Àgbà, pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ìdí ni pé ilé ìgbẹ̀bí ni ìgbìmọ̀ ti kọ́kọ́ yà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fi ẹsẹ̀ sáré dé, tó ní ìyàwó òun ń rọbí láti òru, kò lè dúró, kò lè jókòó, àfi kó na gbọọrọ, ọkọ̀ kékeré ìgbìmọ̀ ò sì gba ìyẹn. Màmá Alága béèrè pé ọkọ̀ dà. Agbẹ̀bí ní ọkọ̀ wà ní Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Dúkìá, wọ́n ń tún un ṣe, ó di ọdún mẹ́ta. Màmá Alága ní kí wọ́n lọ wò ó bóyá wọ́n ti tún un ṣe tán.

Ó rìn yíká ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó wo ìka rẹ̀ tó dúdú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé pólíṣì bàtà ni. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè bí ọmọ ilé-ìwé: "Ilé Ìgbẹ̀bí."

Ọ̀gá gun orí àga. Akọ̀wé ò di àga mú lọ́tẹ̀ yìí. Agbẹ̀bí ò wo ibẹ̀ rárá, ó ti kó orí sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo ibi tí aláboyún máa na sí.

"Màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ọlọ́lá," Ọ̀gá ní, "ohun tí ẹ ń wò yìí ni ìtọ́jú dúkìá ní ògo rẹ̀. A rí i pé funfun ń tètè dọ̀tí. Kí la ṣe? A fi dúdú bò ó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dáàbò bo funfun yìí, tí oòrùn ò rí i, tí erùpẹ̀ ò rí i, tí aláboyún kan ò fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gun un. Lónìí, mo ṣí i sílẹ̀ fún yín. Ẹ wò ó, ó mọ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo gbà á."

Ká sọ òótọ́, kò burú fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò múra rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tiẹ̀ pàdé èkejì kó tó rántí. Màmá Alága ò yí sí i rárá. Bàbá Awakọ̀ ló yí sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ yìí ń rìn?"

Akọ̀wé gbé kálàmù sókè. Ọ̀gá ń wo Bàbá Awakọ̀ láti orí àga. Aṣọ rírọ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá Awakọ̀, ó ká a ní ìdajì, ó tún ká ìdajì náà, ó fi sápò.

"Ó ń rìn dáadáa, mà," ó ní. "Kò sóhun tó ṣe é. Ọjọ́ méjì la fi tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́."

Ó ti sọ ọ́. Ó dúró kí wọ́n dárúkọ ẹ̀yìn odò. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa wo ibi tí kálàmù wà, Akọ̀wé ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ Màmá Alága ló wà, ó tẹ̀ síwájú, ó ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá Awakọ̀ sílẹ̀ lódindi, ó sì ń sọ fún Màmá pé awò ojú wọn dán débi pé òun rí ara òun níbẹ̀, òun sì rí i pé òun kéré.

"Ẹ kéré lóòótọ́," Màmá Alága wí. Ó na ọwọ́ sí Ọ̀gá. "Kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀. Ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò méjèèjì kó tó rí i. Màmá gbà á, ó nà án sí Agbẹ̀bí lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní àwọn wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú dúkìá ni, àwọn sì ti rí i. Kí Ọ̀gá má ṣe ìyọnu láti wá sí ọ́fíìsì lọ́la, tàbí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà á tọ̀ ọ́ wá nílé. Ọ̀gá bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà á gba àkíyèsí tó yẹ. Màmá ní ó ti gbà á.

Agbẹ̀bí ò dúró gbọ́ ìyẹn tán. Ó ti ju báàgì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá Awakọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà á, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ," ó sì jókòó síwájú. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣòro kan ló kù: pólíṣì oníyanrìn ti ta sí gbogbo gíláàsì iwájú, ó ti gbẹ, ó funfun bí ẹfun, wọn ò rí ọ̀nà. Agbẹ̀bí yọ orí síta. Ó rí ọkùnrin kan tó dúró síwájú ọkọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ dúdú fún pólíṣì bàtà, aṣọ ìnukọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì rí Ọ̀gá lójúkojú rí. Lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń kọ síra wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa nu gíláàsì yìí kíákíá. Obìnrin kan ń dúró dè wá."

Ọ̀gá wo apá ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. Kò sẹ́nì kan.

"Ẹ rọra, sà," Bàbá Awakọ̀ wí láti inú ọkọ̀. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù."

Ọ̀gá rọra. Ó nù ún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó yí aṣọ sí ojú tó mọ́, ó nu igun méjèèjì. Lẹ́yìn gíláàsì tó mọ́ náà, ojú ẹni méjì ló rí, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti ń wo ọ̀nà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ kọjá.

Ẹ má jẹ́ ká gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ó nù ún dáadáa. Ìyẹn sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe fún ilé ìgbẹ̀bí láti ọdún mẹ́ta.